Ìdí Tí Ikán Fi Ń Fi Amọ̀ Bo Ọ̀nà Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n ní àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n so pọ̀ nílé ìwé yín ní aṣọ́bodè, wọ́n sì ní èdè àṣírí tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ó dáa. Ta ló kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ láyé?

Nígbà láéláé, kí ènìyàn tó mọ kọ̀ǹpútà, ilé Ìyá Ikán ní ilẹ̀kùn yíká. Ẹni tó bá ti kígbe pé, "Ẹ kúulé o," "Ẹ wọlé" ni yóò gbọ́. Wọn kì í bi í pé ta ni. Gbangba ni àwọn ọmọ Ikán ń rìn, ariwo ni wọ́n sì fi ń jíṣẹ́.

Ní ọdún kan, Ìyá Ikán yé ẹyin. Ó gbọ́wọ́ lé wọn, ó ní, "Ẹ ó dàgbà lójú mi. Mo ṣèlérí."

Òjò ṣú. Mojírayọ̀ ọmọ rẹ̀ wà lórí igi gbígbẹ lókèèrè, ló bá figbe ta:

"Ìyá o! Ibo ni ká kó ẹyin sí?"

"Iyàrá ẹ̀yìn, lọ́wọ́ òsì o!"

Ìjàlọ, èèrà dúdú tó ń jẹ ẹyin ẹlẹ́yin, wà lábẹ́ ewé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dé.

"Ẹ kúulé o."

"Ẹ wọlé o!"

Wọn ò yà síbì kan, ó di iyàrá ẹ̀yìn, lọ́wọ́ òsì. Ìdajì ẹyin ni wọ́n gbé lọ.

"Ẹ ṣeun o, onílé," Ìjàlọ ní bó ti ń jáde. "Ilé yín mà dùn ún wá. A ó máa yà."

Ìyá Ikán ò sunkún. Ó ní kí wọ́n po amọ̀.

"Ìyá, ayé á ní a ti di òǹrorò," Mojírayọ̀ ní.

"Kí wọ́n wí. Ọlọ́run ló ń ṣọ́lé, ìyẹn ò ní ká má tilẹ̀kùn."

Wọ́n dí gbogbo ilẹ̀kùn, ó ku ẹyọ kan. Wọ́n fi Olórí-ńlá síbẹ̀, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Wọ́n fi amọ̀ ṣe òrùlé sórí gbogbo ọ̀nà wọn. Wọ́n sì fòfin de ariwo: bí ọmọ Ikán méjì bá pàdé, kí wọ́n forí kanrí, kí wọ́n fi ìwo tín-ín-rín orí wọn kan ara wọn láti jíṣẹ́ lọ́nà tí àwọn nìkan mọ̀.

Ìjàlọ padà wá. "Ẹ kúulé o!"

Olórí-ńlá forí dí ẹnu ọ̀nà. Ó na ìwo sí i. Ìjàlọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn.

"Èmi mà ni! Àlejò ìjọsí!"

"A rí yín. Ẹ kú ìrìn."

Ìjàlọ gbé etí lé ọ̀nà alámọ̀ náà. Gìrìgìrì ẹsẹ̀ ló gbọ́, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ó fìbínú lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ikán kò ti rìn ní gbangba mọ́, tó ń fi amọ̀ bo ọ̀nà rẹ̀ lára ògiri àti igi, tí wọ́n sì ń forí kanrí kí wọ́n tó kọjá lára ara wọn.

Ẹyin tó kù pa. Kò sí ọ̀kan tó sọnù mọ́. Wọ́n dàgbà lójú Ìyá Ikán, bó ṣe ṣèlérí.