Àga Tó Fẹ̀ Ju Ọkọ̀ Lọ

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ páànù títà àti òrùlé kíkàn. Fara balẹ̀ gbọ́ mi, Àjíbádé. Ìtàn náà kò gùn, ìwọ gan-an ni mo sì ń sọ ọ́ fún.

Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Kò sí ẹni tó lè ra páànù ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ mú téèpù, kó gun orí ilé onítọ̀hún lọ. Bí oníbàárà bá ní, "Ẹ ṣáà gé e fún mi, mo mọ bí ilé mi ṣe fẹ̀ tó," yóò rẹ́rìn-ín. Yóò ní, "Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, páànù mi ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n gun òkè ná." Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, òrùlé tó kàn kò sì jò rí.

Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ọkọ̀ náà ti darúgbó. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Má-fojú-di-mí, nítorí pé bó ti wù kó wúkọ́ tó lórí òkè, yóò gun òkè náà tán. Kò fẹ̀ rárá, bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ti ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Tí ẹnikẹ́ni bá bú ọkọ̀ náà lójú rẹ̀, ìjà dé nìyẹn.

Lẹ́yìn Mofẹ́, ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ bí, Ọlọ́run tún fi ọmọkùnrin ta òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ. Ìyá ìyàwó wá wẹ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. O mọ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀. Ó sanra dáadáa, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, bó bá sì tẹ́ ọmọ tuntun sórí ẹsẹ̀ tó ń da omi sí i lára, orin ni yóò máa kọ títí ọmọ yóò fi gbàgbé pé òun ń sunkún.

Màmá yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní ìlú wọn. Ẹ̀gbọ́n náà ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ojú ẹ̀gbọ́n ti fọ́ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé ìrìn àjò mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí àbúrò òun fúnra rẹ̀ gbé ọmọ náà wá, kó gbé e lé òun lọ́wọ́, kí òun fọwọ́ pa á lójú, kí òun sì súre fún un. Màmá ti ṣèlérí. Bí ọmọ bá ti lè jáde, wọn yóò lọ.

Ọkùnrin náà ní Má-fojú-di-mí ni òun yóò fi gbé wọn lọ. Ìyẹn dára. Ó tún ní ọmọ òun kò ní jókòó lé ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, pé àga ọmọ ni yóò jókòó sí. Ìyẹn tilẹ̀ dára jù.

Màmá ní, "Bàbá Mofẹ́, ọwọ́ mi yìí kò já ọmọ sílẹ̀ rí o."

Ó ní, "Mo mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì, kò sí ọwọ́ tó lè mú un dúró."

Màmá rò ó wò, ó ní kò burú. Kí o má ṣì mí gbọ́, Àjíbádé: èrò ọkùnrin yìí kò ní àbùkù kankan. Ibi tó ti ṣìnà ṣì wà níwájú.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń gun jíìpù ńlá. Inú jíìpù yẹn ló ti rí àga ọmọ kan tó dà bí ìtẹ́ ọba. Ó nípọn, ó lápá, ó sì ní ihò tí wọ́n ń ki ife bọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, àfi bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ fẹ́ gbàlejò. Àga náà wọ ọkùnrin wa lójú. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà, kò sì lè dúró dè é. Ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ, ó ra irú àga yẹn gan-an, ó fi kẹ̀kẹ́ Màrúwà gbé e wálé. Gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó, wọ́n ń kí i kú oríire.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, ó gbé àga náà wọ inú rẹ̀. Òógùn bò ó. Bó bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀kùn kò pa dé. Bó bá tì í sáàárín, yóò gùn lé ibi tí wọ́n ń ki bẹ́líìtì àwọn méjì yòókù bọ̀. Níkẹyìn ó fi tipátipá há a mọ́ ibì kan, ilẹ̀kùn sì pa dé. Ọmọbìnrin wọn wọlé, ó fi ìdí kan jókòó, ìdí kejì wà lófuurufú. Màmá dúró síta, ó di ìró rẹ̀ mú. Ààyè tó kù kò gba ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ká má tíì sọ ti ara. Bó bá sì bọ́ síwájú, ìyàwó tó ń fún ọmọ lọ́mú ni kò ní ríbi jókòó.

Ọkùnrin náà nu ojú. Àga náà ló ń wò, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. A ó bá yín wá takisí tó dáa, ẹ ó máa tẹ̀lé wa bọ̀ lẹ́yìn."

Takisí! Fún àna ẹni tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún! Mo rí i pé o ń rẹ́rìn-ín, Àjíbádé. Rín in dáadáa.

Màmá pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò burú, Bàbá Mofẹ́. Ẹ gbé àga lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Kó fọwọ́ pa àga lójú, kó súre fún àga." Ó wọlé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wọ yàrá, ó bá a tó ń ká aṣọ sínú báàgì, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Kì í ṣe ti takisí. Ìrìn àjò yìí, tirẹ̀ ni, òun náà sì ni wọ́n kọ́kọ́ rí yọ kúrò níbẹ̀.

Ìyàwó padà jáde bá ọkọ rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kì í gé páànù láì gun orí ilé onílé, ẹ ti wọn inú ọkọ̀ yìí rí?"

Ọkùnrin náà wo ọkọ̀, ó wo àga, ojú tì í. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ó ní, "Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Màmá ní, "Kí n lọ ṣe kí ni?"

Ó ní, "Kí ẹ lọ bá mi jókòó sínú ọkọ̀ ni."

Gbogbo wọn lọ tọmọtọmọ: ìyàwó pọn ọmọ rìn lọ, nítorí ṣọ́ọ̀bù kò jìnnà, àwọn yòókù wọ ọkọ̀, àga ńlá sì wà nínú búùtù, ìdajì rẹ̀ yọ síta. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin náà ṣe bó ti ń ṣe níbi iṣẹ́. Ó ní kí Màmá kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, kó jókòó bó ṣe wù ú, kó má fún ara rẹ̀ mọ́ra. Ó ní kí ọmọbìnrin jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìgbà tí àwọn méjèèjì rọra jókòó tán ló tó mú téèpù, ó wọn ààyè tó kù láàárín wọn. Kò fẹ̀. Ó mú ìwọ̀n náà tọ obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù lọ.

Obìnrin náà gbé àga tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde. Ọkùnrin náà wò ó tòkè-tilẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi kì í ṣe ẹyọ ìgbálẹ̀ o, Màdáàmù."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó wọn inú àga méjèèjì. Ó wọ̀n ọ́n. Ibi tí ọmọ ń fìdí lé, ọgbọọgba ni. Gbogbo fífẹ̀ tí àga ńlá fi fẹ̀ ju èkejì lọ, apá àti ihò ife ni. Obìnrin náà sì fi ibi tí bẹ́líìtì ayé àtijọ́ yóò gbà kọjá hàn án lára àga tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Ọkùnrin náà gbà. Wọ́n gba àga ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì de èyí tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àárín ìjókòó ẹ̀yìn, kò fara kan ẹnikẹ́ni.

Ìgbà náà ni Màmá kígbe. "Kí ló dé tí ojú àga wà lẹ́yìn? Ọmọ mi kò ní kọjú sẹ́yìn láyé o! Iwájú, iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí!"

Obìnrin náà ní, "Àmín o, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń wẹ ọmọ tuntun, níbo ni ọwọ́ yín kan máa ń wà?"

Màmá ní, "Ọrùn ni. Ṣé ọrùn ọmọ ti le ni?"

"Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, ẹ̀yìn àga yìí ni ọwọ́ tó wà lọ́rùn ọmọ. Bó bá dàgbà tí ọrùn rẹ̀ le, àga kan náà yìí ni ẹ ó yí síwájú."

Màmá di àga náà mú nísàlẹ̀, níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, ó mì í tagbára-tagbára. Àga kò yẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ wá. Wọ́n gbé e sí i, wọ́n dè é, ọmọ náà sì la ojú, ó ń wo ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Háà! Àṣé ẹ̀yìn tí mo wà ni ẹ ń wí!"

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Má-fojú-di-mí wúkọ́ lórí gbogbo òkè, ó sì gun gbogbo rẹ̀. Màmá ń kọrin lẹ́yìn, ọmọbìnrin ń gbè é. Nígbà tí wọ́n dé, ẹ̀gbọ́n ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Màmá gbé ọmọ lé e. Arúgbó náà fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀, ó pa imú, ó pa àgbọ̀n. Ó ní, "Imú bàbá wa rèé." Ó sunkún ayọ̀, ó súre, ìre náà kò fẹ́ tán.

Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ta ló jókòó tì í lọ́nà?"

Màmá ní, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo wà."

Arúgbó náà ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ ni yóò jẹ́." Ọkùnrin náà dúró, ó gbọ́. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á pẹ̀lú, pé ihò ife méjì ló kù díẹ̀ kó gba èyí mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ó dáa, Àjíbádé. Ìjọ wa fi ọ́ ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin, inú wa sì dùn sí i. O fẹ́ kí orin wa dára sí i, èrò yẹn kò ní àbùkù. O lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà nígboro, o rí pèpéle àwọn akọrin wọn, ó wọ̀ ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì tiwa kéré, ó ti darúgbó, bí àwọn bàbá wa ṣe lè kọ́ ọ mọ ni. Mo gbọ́ pé kí pèpéle lè gba ibẹ̀, o ti ní kí àwọn ìyá àgbà tó ń jókòó níwájú máa gbọ́ ìsìn lábẹ́ igi máńgòrò. O ní atẹ́gùn wà níbẹ̀, o sì ní a ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síbẹ̀ fún wọn.

Takisí tó dáa nìyẹn, ọmọ mi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí o sọ ọ́, o sì rò pé wọ́n gbà. Mo dé ilé ọ̀kan nínú wọn lánàá. Kò rẹ́rìn-ín fún mi. Orin tí o fi ń dárí akọrin lónìí, ẹnu àwọn ìyá yẹn ni o ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nígbà tí wọ́n pọ̀n ọ́ wá síbí.

Nítorí náà, má jáwọ́ nínú pèpéle rẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú yìí, jẹ́ kí àwọn ìyá kọ́kọ́ wọlé, kí wọ́n jókòó bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n na ẹsẹ̀. Ibi tó bá kù ni kí o kọ́ pèpéle sí. Bí pèpéle bá tẹ́ẹ́rẹ́, orin kò ní tẹ́ẹ́rẹ́. Lọ bá wọn nílé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o sì dọ̀bálẹ̀ dáadáa.