Owú Ọ̀ṣunbùnmi

Ní ìlú Òkè-Ìkòkò, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ bí Èfúnyẹmí. Ó lè parí ìjà tọkọtaya kí ó tó mọ ètè ìkòkò kan tán. Àfi ọjọ́ tí ẹ̀gbà kọlù ú. Apá rẹ̀ ọ̀tún rọ, ọ̀rọ̀ sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ó mọ gbogbo ènìyàn, ó sì mọ ohun tí ó fẹ́; ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láti agbárí bọ́ sí ẹnu ni ó bàjẹ́. Bí ó bá fẹ́ sọ ogún ọ̀rọ̀, ẹyọ kan tàbí méjì ló ń já bọ́.

Obìnrin méjì ló ń tọ́jú rẹ̀. Èkíní ni Ọ̀ṣunbùnmi, ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ọkọ Ọ̀ṣunbùnmi fẹ́ ìyàwó tuntun, ọmọbìnrin kékeré tí Ọ̀ṣunbùnmi bí fún un sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìyàwó náà kiri. Owú kò jẹ́ kí Ọ̀ṣunbùnmi lè dúró wò ó. Ó fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó ní wọn yóò wá bẹ òun. Wọn kò wá. Èkejì ni Àwẹ̀ró, ìyàwó Ògúnṣínà, ọmọkùnrin Èfúnyẹmí.

Àwẹ̀ró kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ sì mọ bí ó ti rí fún ìyàwó ilé: kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni tí ó bá nílé ọkọ, títí dé orí ọmọ ọwọ́. Orúkọ àpọ́nlé ni yóò fún kálukú, kí ó sì tó mọ èyí tí yóò bá ẹni mu, ó ní láti wo onítọ̀hún dáadáa. Adúmáadán ni ó ń pe Ọ̀ṣunbùnmi. Ọdún pípẹ́ tí ó fi ń wo ojú àwọn ará ilé báyìí ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ń gbọ́ ohun tí a kò tíì sọ.

Bí Èfúnyẹmí bá ní, "Omi," tí ó wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, Àwẹ̀ró a gbé omi ìwẹ̀ kaná. Bí ó bá ní, "Omi," tí ó wo ibi tí àwọn ìkòkò tútù wà, Àwẹ̀ró a lọ fi aṣọ tútù bò wọ́n kí oòrùn má baà là wọ́n. Ọ̀ṣunbùnmi ní tirẹ̀, omi mímu ni yóò bù wá ní gbogbo ìgbà. Ìyá a mi orí. Ọ̀ṣunbùnmi a tún lọ bu òmíràn, bí ẹni pé ti àkọ́kọ́ ni kò tutù tó. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ ti igbá náà dànù, ó na ọwọ́ sí Àwẹ̀ró. Inú Ọ̀ṣunbùnmi ta bí ata.

"Èmi tí wọ́n bí!" ni ó ń sọ níwájú ààrò. "Èmi tí mo mu ọmú wọn! Ẹni tí a fẹ́ wálé ló wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún mi?"

Láti ìgbà náà ni gbogbo ohun tí Àwẹ̀ró bá ṣe ti di ẹ̀ṣẹ̀ lójú Ọ̀ṣunbùnmi. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ó ń gbèrò ibi. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà, òótọ́ ni: Ọ̀ṣunbùnmi wá rù ju aláìsàn tí ó ń tọ́jú lọ. Níkẹyìn, ó tọ Baálé Ògúnrìndé, olórí agbo ilé wọn, lọ.

"Bàbá, ẹ gbà mí. Àwẹ̀ró ti fi oògùn di ìyá mi lẹ́nu, kí ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa gbọ́ tiwọn. Kí ó kó ẹrù rẹ̀, kí ó padà sílé bàbá rẹ̀."

Ẹ̀sùn kékeré kọ́ nìyẹn. Bí ilé bá gbà á gbọ́, Àwẹ̀ró yóò lọ, yóò sì fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ilé pé jọ, wọ́n sì gbé Èfúnyẹmí jáde sórí ẹní.

"Ìyá Ògúnṣínà," ni Baálé wí, "ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀. Ẹ sọ èyí tí ẹ bá lè sọ. Kí ni kí á ṣe?"

Òógùn bo Èfúnyẹmí. "Ilé ọkọ…" Ó sinmi. "Ẹrù… lọ."

Ọ̀ṣunbùnmi fò dìde. "Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ, kí ó máa lọ!"

Ògúnṣínà sorí kodò. Baálé yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ìyàwó, ìwọ ni wọ́n ní o máa ń gbọ́ tiwọn. Kí ni o gbọ́?"

Àwẹ̀ró ti gbọ́ ọ yé. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni òun náà, èébú ọjọ́ pípẹ́ sì ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ tán láàárín àwùjọ yìí, Ọ̀ṣunbùnmi kò ní lè gbójú sókè nínú ilé náà mọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Adúmáadán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú ìyá. Ta ni wọ́n ń wò?"

Ó dákẹ́ síbẹ̀.

Ọ̀ṣunbùnmi fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti wo ojú náà gbẹ̀yìn. Àwẹ̀ró nìkan ni ojú rẹ̀ ń ṣọ́ láti ìgbà yìí wá. Ìyá rẹ̀ kò wo Àwẹ̀ró rárá. Òun Ọ̀ṣunbùnmi ni ó tẹjú mọ́, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì dá a dúró ní ìwọ̀n gíga ọmọ kékeré.

Ó wá yé Ọ̀ṣunbùnmi. Ọmọ tí òun fi sílẹ̀ nílé ọkọ ni ìyá òun ń wí. Ta ni ó ń gbọ́ ti ọmọ náà báyìí? Ta ni ó ń wo ojú rẹ̀ mọ ohun tó ń dùn ún? Ohun tí òun ń jowú Àwẹ̀ró lé lórí, òun fúnra òun ni òun gbé e fún ẹlòmíràn nílé ọkọ.

"Bàbá, èmi ni," ni ó wí. "Èmi ni wọ́n ní kí n kó ẹrù mi lọ sílé ọkọ, kí n lọ bá ọmọ mi." Ó yíjú sí Àwẹ̀ró. "O sì mọ̀! Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ tán?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ìyókù," ni Àwẹ̀ró dáhùn.

Ọ̀ṣunbùnmi di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi kò ní purọ́ pé owú tán nínú rẹ̀; bí ó ti ń dì í ni ó ń yọjú wo Àwẹ̀ró tí ń nu ẹnu ìyá. Ṣùgbọ́n ó lọ. Baálé Ògúnrìndé kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ṣègbé. Ẹnu rẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ti gbọ́ ọ, tí àwọn náà fi dàgbà, tí wọ́n sì ń pa á lówe títí di òní pé: ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi.