Ọkọ Lọ, Ọkọ́ Padà: Bí Akínlàjà Ṣe Gba Òkè-Ọ̀gán Sílẹ̀

Lọ́jọ́ tí ìjọba kéde pé kò sí olùgbé kankan mọ́ ní Òkè-Ọ̀gán, ogójì agbo ilé ló dúró síta nínú ìlú náà tí wọ́n ń gbọ́ ìkéde ọ̀hún. Ohun tó fà á kò ju gbólóhùn kan lọ. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan ló gba ìlú náà kọjá láàárín òjò, nígbà tí tọmọdé tàgbà ti kó lọ sí abà láti ṣiṣẹ́ oko, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn láti ìwáṣẹ̀. Ilẹ̀kùn títì ló bá, pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ àti bàbá afọ́jú kan tó jókòó lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bi bàbá náà pé àwọn ará ìlú dà. Bàbá ní, "Wọn ò sí nílé." Ajẹ́lẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Abala kọkànlá Òfin Ilẹ̀ àti Ọ̀nà sì sọ pé ìlú tí kò bá ní olùgbé mọ́, ilẹ̀ rẹ̀ di ti ìjọba. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, wọ́n ti fa igbó àti ilẹ̀ Òkè-Ọ̀gán lé àwọn agégẹdú lọ́wọ́, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ kúrò.

Òkè-Ọ̀gán, ọmọ ilé amọ̀ tí òjò ò lè wó, inú yàrá ni wọ́n ń sin òkú wọn sí. Ẹni tó bá kó kúrò níbẹ̀, baba rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún ayùn. Láti ìdájí ni ayùn ti ń ké lẹ́yìn odi. Bí igi kan bá wó, ilẹ̀ á mì, àwọn ọmọ á sì sá wọlé. Àwọn kan ti ń di ẹrù láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Baálẹ̀ Látúnjí, tí ogbó ti tẹ̀ lẹ́yìn ba, ní kí àwọn ọmọ òun gbẹ́ sàréè òun sílẹ̀ nínú yàrá tí òun ń sùn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó ní, "Ẹ gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé, wọn yóò bá olùgbé kan."

Nínú ìpọ́njú yìí ni wọ́n ránṣẹ́ sí Akínlàjà, ọmọ bíbí ìlú náà tó kọ́ ìmọ̀ òfin lókè òkun. Tipátipá ni wọ́n fi ránṣẹ́, nítorí Lọ́yà Ajẹ̀bi ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìjọba fi abala kẹrin òfin kan náà pe gbogbo olùgbé Òkè-Ọ̀gán láti wá ro ọ̀nà. Òjò ni, oko ni wọ́n wà, wọn kò gbọ́ ìpè. Ọlọ́pàá lọ kó àwọn ọkùnrin lábà. Akínlàjà gba ẹjọ́ wọn rò. Ó jiyàn pé ẹni tó wà lóko láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé òpin rẹ̀ kì í ṣe olùgbé ìlú lákòókò náà. Adájọ́ òyìnbó kọ̀ fún un. Ó ní, "Ẹni tó wà lóko, ilé ló ń gbé," ó sì rán wọn lẹ́wọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn, Ògúnṣakin, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, kú sẹ́nu iṣẹ́ òkúta fífọ́. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sin ín sí. Ọkọ́ tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀ lóko ni wọ́n gbé fún Àwẹ̀ró, aya rẹ̀.

Nígbà tí Akínlàjà wọ ìta Baálẹ̀, olórí ọdẹ ló kọ́kọ́ rí i. "Lọ́yà Ajẹ̀bi ti dé," ó ní. "Ẹ so ẹrù yín le dáadáa, ọ̀nà jìn."

Akínlàjà ní, "Ẹ má tíì so ó, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá tún jẹ̀bi, èmi ni n óò ru tiyín."

Àwọn àgbà ní kí ó lọ sọ̀rọ̀ àwọn òkú tó wà nínú yàrá fún adájọ́, bóyá àánú yóò ṣe é. Ó mi orí. "Omijé ò sí nínú òfin, ẹ̀yin baba mi. Ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi tì wá mọ́ ẹ̀wọ̀n, òun náà ni wọ́n fẹ́ fi lé wa nílé." Ó wá yíjú sí Àwẹ̀ró tó dúró láàárín èrò, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. "Ìyá, ẹjọ́ tí mo jẹ̀bi ni mo fẹ́ gbé padà lọ síwájú adájọ́. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi lọ."

"Ẹjọ́ tó pa ọkọ mi?"

"Òun ni, Ìyá."

"O fẹ́ lọ sọ pé adájọ́ yẹn tọ̀nà?"

"Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn."

Igi kan wó lókèèrè. Àwẹ̀ró dúró títí ariwo rẹ̀ fi lọ tán. "Bí o bá tún jẹ̀bi ńkọ́?"

"A jẹ́ pé lásán ni ọkọ yín kú, ìlú yóò sì tẹ̀ lé e."

"O ò mọ irọ́ pa," ni obìnrin náà wí. "Bóyá ìdí nìyẹn tó o fi ń jẹ̀bi." Ó lọ sí ilé rẹ̀, ó gbé ọkọ́ náà jáde.

Adájọ́ àtijọ́ náà ni wọ́n bá lórí àga. Agbẹjọ́rò ìjọba mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní olùgbé ni ẹni tó ń sùn síbi kan tó sì ń jí síbẹ̀. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn, òfìfo ni. Akínlàjà bi í pé kí ni olùgbé jẹ́ nínú abala kẹrin. Ó dáhùn pé iṣẹ́ ọ̀nà ni abala kẹrin ń sọ, ilẹ̀ ni abala kọkànlá ń sọ, ọ̀rọ̀ kan sì lè ní ìtumọ̀ méjì.

Adájọ́ wo Akínlàjà. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo bá mi jiyàn nígbà kan pé ẹni tó wà lóko kì í ṣe olùgbé?"

"Èmi ni, Olúwa mi. Ẹ ní mo ṣìnà. Mo ti wá gbà."

Akínlàjà wá ní kí Àwẹ̀ró sọ ohun tó mọ̀. Obìnrin náà gbé ọkọ́ sókè, ó ní, "Ọkọ ni wọ́n mú lọ lọ́wọ́ mi. Ọkọ́ ni wọ́n dá padà." Ògbufọ̀ ya ẹnu, kò rí bí yóò ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè òyìnbó. Nígbà tó pẹ́, ó kàn nawọ́ sí òrùka ìgbéyàwó ọwọ́ adájọ́, lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí ọkọ́ náà.

Akínlàjà wá sọ̀rọ̀. "Olúwa mi, bí olùgbé bá jẹ́ ẹni tó ń sùn sílé nìkan, Ògúnṣakin kì í ṣe olùgbé lọ́jọ́ tí wọ́n mú un lábà. Bí kì í bá ṣe olùgbé, kò jẹ̀bi. Kí ilé ẹjọ́ yìí dá a padà fún aya rẹ̀. Ó dúró síbí, ó wá gbà á. Bí ẹ kò bá lè dá a padà, ìtumọ̀ tó pa á ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀mí la fi rà á. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wa."

 Adájọ́ kò tọrọ àforíjì, kò sì wo ojú Àwẹ̀ró. Ó ní ọ̀rọ̀ kan nínú òfin kan kò gbọdọ̀ mú ènìyàn so nígbà tí iṣẹ́ bá dé, kí ó sì já a sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá dé. Ó ní àwọn ará Òkè-Ọ̀gán ń gbé Òkè-Ọ̀gán. Àwọn agégẹdú kó ayùn wọn kúrò. Baálẹ̀ Látúnjí ní kí wọ́n má dí sàréè náà, ó ní kò ní pẹ́ tí yóò wúlò. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Àwẹ̀ró kò gbé ọkọ́ náà wọ yàrá mọ́. Ó fi í ti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ará Òkè-Ọ̀gán tó ń lọ sí abà tí kì í fi ògbólógbòó ọkọ́ kan ti ẹnu ilẹ̀kùn, wọn kì í sì í sọ ọ́ níbẹ̀ láéláé pé ẹnì kan ò sí nílé. Ìlú òkèèrè ni Akínlàjà kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ọkọ́ kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀gán dòní olónìí. Bí àlejò bá béèrè ẹni tó ni ilé náà, wọn á ní, "Akínlàjà ni. Ibí ló ń gbé. Oko ló lọ."