Alágbẹ̀dẹ Tí Ó Dí Ihò Ìkòkò

“Bàálé mi, má jẹ́ kí ilé dákẹ́ o.”

Ẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn dání, ẹ̀yin ọmọ. Òun ni obìnrin kan sọ kẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi. Ààlọ́ o!

“Ààlọ̀!”

Àlọ́ mi dá lórí Ògúnrìndé alágbẹ̀dẹ, àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, àti Ìrẹ̀ tó ń gbé ilé wọn.

Ní ìgbà kan rí, tí ènìyàn, ẹranko àti kòkòrò ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, Ògúnrìndé ń rọ irin láàárọ̀, ó ń rọ irin lálẹ́. Gbàn! Gbàn! Nígbà tó yá, bí ó bá gbé òòlù sílẹ̀, etí rẹ̀ kò gbé e sílẹ̀. Etí ń hó. Bí ó bá dùbúlẹ̀, híììì. Bí ó bá dìde, híììì.

“Bàbá, ṣé bíi ti ẹ̀fọn?”

Bíi ẹ̀fọn tí a kò lè pa, Tinúọlá.

Òkété, aládùúgbò wọn, ní, “Wá igi tẹ́ẹ́rẹ́, kí o fi gbẹ́ ẹ jáde. Èmi náà, gbígbẹ́ ni mo fi ń yanjú ọ̀rọ̀ tèmi.”

Àwẹ̀ró já igi gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. “Òkété tó ń gbẹ́ ilẹ̀ kiri, etí ta ló wò sàn rí? Má ki nǹkan kan bọ etí o!”

Ó yí òwú mọ́ ìda oyin, ó ní kí ọkọ òun máa fi dí etí kí ó tó gbé òòlù. Ó lu ihò bíńtín sí ìdí ìkòkò kan, ó fi okùn so ó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, omi ń kán sínú igbá. Ìrẹ̀ ń gbé ìdí igbá náà, ó ń mu nínú omi. Lálẹ́, Àwẹ̀ró a jókòó tì í, a máa bó ẹ̀gúsí, a máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìrẹ̀ ń ké lábẹ́ ìkòkò o,
“Tótótó, omi ń kán!”
Etí bàálé mi kò níí sinmi bí?
“Tótótó, omi ń kán!”
Ẹni tó ń gbọ́ omi á sùn o,
“Tótótó, omi ń kán!”

Àwẹ̀ró a ní, “Kò ní lọ tán. Má bá a jà. Wá ẹnìkejì fún un, ẹ ó jọ máa gbé.” Lóòótọ́, híììì náà kò lọ, ṣùgbọ́n ó rẹlẹ̀. Ògúnrìndé ń sùn.

Àìsàn dé. Àwẹ̀ró sọ ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ mú dání yẹn. Ó dákẹ́.

“Áà!”

Àdúgbò náà dákẹ́. Wọn kò gún iyán, wọn kò lọ ata. Ògúnrìndé pa iná ẹwìrì. Ó gbọ́ tí omi ń kán, ó ní, “Ilé ọ̀fọ̀ kì í pariwo.” Ó mú ìda oyin, ó dí ihò ìkòkò.

“Ó ti gbàgbé!” Akínlàbí tó wà láàárín yín ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kò gbàgbé. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Híììì wá gba gbogbo ilé. Ògúnrìndé tẹ́tí, tẹ́tí, ó ní, “Àwẹ̀ró ni. Ó ń pè mí.” Kò jẹun mọ́. Ó ń gbẹ lọ, ó fẹ́ bá ohùn náà lọ.

Ìrẹ̀ jáde ní ìdí igbá, ètè rẹ̀ ti gbẹ.

“Alágbẹ̀dẹ, omi mi dà?”

“Dákẹ́, Ìrẹ̀. Ìyàwó mi ń pè mí.”

“Ẹ̀ẹ́n? Kí ló pè ọ́?”

“Híììì ni.”

“Híììì kẹ̀? Àwẹ̀ró tí a jọ gbé? Ṣé ó pè ọ́ ní bàálé mi?”

“Rárá.”

“Ṣé ó bú ọ pé o tún gbé ẹsẹ̀ eléérú gun ẹní?”

Ògúnrìndé fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló jáde. “Rárá.”

“Òun kọ́ nìyẹn. Àwẹ̀ró wo ni yóò pè ọ́ tí kò ní bú ọ?”

“Ìrẹ̀, bí mo bá ṣí ihò yìí, n kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.”

“O kò gbọ́ ọ báyìí náà. Ọ̀rọ̀ tó sọ ni kí o gbọ́.”

Ògúnrìndé sunkún títí. Lẹ́yìn náà, ó fi èékánná họ ìda kúrò. Tó. Tó. Tó. Ó fa igbá ẹ̀gúsí tí Àwẹ̀ró bó kù sọ́dọ̀, ó bó ẹyọ kan. Ó dá orin náà. Ìrẹ̀ ló gbè é. Híììì kò lọ. Ó rẹlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: ẹni tí etí rẹ̀ bá ń hó, kí ó má ṣe jókòó sínú ìdákẹ́jẹ́. Bí ẹni ẹni bá sì kú, ọ̀rọ̀ tó fi sílẹ̀ ni ká dì mú.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí mo bá purọ́, kí ìkòkò tó wà lẹ́yìn mi yìí má kán mọ́. Ẹ gbọ́: tó, tó, tó.

“Bàbá, ṣé alágbẹ̀dẹ náà ti kọ orin náà tán?”

Kò tíì kọ ọ́ tán. Kò tíì bó ẹ̀gúsí yẹn tán. Kò tíì ká aṣọ Àwẹ̀ró kúrò lórí okùn. Kò tíì tún iná ẹwìrì dá. Kò tíì sùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹní tí obìnrin náà ń sùn sí. Kò tíì fọ ẹsẹ̀ kí ó tó gun ẹní.