Ọkùnrin Tí Ó Jẹ Oúnjẹ Àlejò

Ọkùnrin kan wà tí ó ń dá gbé inú ilé oníyàrá méjì. Ó sanra láti ìgbà èwe rẹ̀, ìyẹn kò sì dí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Kò ní ẹni tí ó ń bá a gbélé, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń wá ẹni tí yóò máa kí i káàárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé pé ọmọ àbúrò rẹ̀ kékeré kan yóò wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí àgbàdo bá gbó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún. Nígbà tí ó nu ojú tán, ó wọ ilé ìdáná.

Ó ní kò yẹ kí àlejò dé bá ìkòkò òfìfo. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bu oúnjẹ sí abọ́ méjì, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún àlejò. Bí ó bá jẹ tirẹ̀ tán, yóò wo abọ́ kejì, yóò wo ẹnu ọ̀nà. Àlejò kò tíì dé. Oúnjẹ kò sì gbọdọ̀ ṣòfò nílé ọmọlúàbí. Yóò fa abọ́ kejì mọ́ra, yóò bá àlejò jẹ ẹ́.

Nígbà tó yá, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nǹkan. Láàárọ̀, ó ń fẹ́ búrẹ́dì àti ẹ̀wà tí epo bò mọ́lẹ̀. Lọ́sàn-án, iyán. Nírọ̀lẹ́, dùndú àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ọ̀kankan nínú wọn. Àlejò ni.

Obìnrin kan ń gbé ojúlé kejì tí ó ti gba àlejò púpọ̀ láyé rẹ̀. Ó yọjú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Àwọn mélòó ló ń bọ̀?"

"Ẹnì kan ni."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ wọn ọ́n. Kò ga ju àpótí ìjókòó méjì lọ.

"Ẹni tí kò tó nǹkan yìí ló wá ń jẹ iyán tí mò ń gbọ́ tí ẹ ń gún lójoojúmọ́?"

"O ò mọ bí ebi ọ̀nà ṣe máa ń pa èèyàn ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin yìí lára. Ó dìde láti wò ó bóyá òun lè tètè dé ẹnu ọ̀nà bí àlejò bá kànkùn. Kí ó tó débẹ̀, ó ti ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, orúnkún rẹ̀ sì ń ráhùn. Ẹ̀rù bà á. Ó ti ilé ìdáná pa, ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí òrùlé, ó ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan ni òun yóò máa mu títí àlejò yóò fi dé. Lọ́jọ́ kejì, kò tíì di ọ̀sán tí òòyì fi gbé e lulẹ̀ ní àgbàlá. Géńdé mẹ́ta ló ń gbé e dìde. Ẹnì kẹrin dé, ó wò ó, ó ní òun ń lọ pe àwọn ẹgbẹ́ òun wá.

Obìnrin ojúlé kejì fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná mu. Ó ní, "Ta ló ní kí ẹ febi pa onílé nítorí àlejò? Abọ́ kan ni kí ẹ máa jẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ níbẹ̀, kí ẹja tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀, kí òkèlè kéré. Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ padà. Tí àlejò bá ti ń sún mọ́lé, ẹ fi ẹyin sísè kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan kún un. Gbogbo oúnjẹ àlejò náà nìyẹn."

Ọkùnrin náà dúpẹ́ púpọ̀. Ó ní òun yóò bẹ̀rẹ̀ tí iṣu ilé bá tán. Ó ní kí wọ́n bá òun mú kọ́kọ́rọ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí òrùlé, ó sì lọ ra iṣu sí i.

Àgbàdo gbó. Àlejò dé lọ́jọ́ òjò. Awakọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ náà kan ilẹ̀kùn. Onílé gbọ́, ohun tí ó ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ó fò dìde, àga tí ó jókòó sí sì bá a dìde. Ó gbé e sáré dé ẹnu ọ̀nà, agbára pin, ó jókòó padà gbì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Inú ilé sì ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí. Òjò ń pa àlejò níta, onílé ń sunkún nínú ilé, ilẹ̀kùn wà láàárín wọn.

Obìnrin ojúlé kejì ló sáré wá, tí ó gba ojú fèrèsé gbé ọmọ náà wọlé. Ọkùnrin náà nawọ́ sí abọ́ kejì, ó ní, "Jẹun, tìrẹ nìyí."

Ọmọ náà wo òkè iyán náà. Ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá. Omi ni mo fẹ́. Kí ẹ sì gbé mi, òtútù ń mú mi."

Morádékẹ́, rẹ́rìn-ín tán kí o gbọ́. Ìwọ tí o gbé oyún jókòó síwájú mi ní ilé ìgbẹ̀bí yìí, o ní ìyá ọkọ rẹ sọ pé ẹni méjì ni o ń jẹun fún. Òótọ́ ni màmá sọ, ṣùgbọ́n bá mi bi wọ́n bí ẹnì kejì ṣe tóbi tó. N kò bá ọ jà pé o sanra. Bí Olúwa ṣe dá ọ nìyẹn, ó sì yẹ ọ́. Àsìkò yìí kọ́ ni a ń wá ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́, má febi pa ara rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní nǹkan nípamọ́ lára bíi tìrẹ, díẹ̀ ni a fẹ́ kí ó fi kún ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ọmọ tó dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ni àga tí mò ń sọ. Àjẹjù a sì máa gbé wọn wá sẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ abẹ ni fèrèsé, má bínú sí i o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni èmi àti dókítà ti gba ibẹ̀ gbé wọlé, tí ìyá tọmọ ń jó lónìí. Ilẹ̀kùn mìíràn wà tí kì í ṣí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ jókòó tì í. Kí á má ṣáà fọwọ́ ara wa gbé àga dí i.

Àlejò rẹ ń bọ̀. Kò ní béèrè iyán. Ọmú ni yóò béèrè, àti pé kí o dìde gbé òun. Kúlà oúnjẹ kejì tí o tì sábẹ́ bẹ́ńṣì yẹn, mo ti rí i. Gbé e fún ọkọ rẹ tó ń dúró níta kí ó máa rù ú bọ̀ lẹ́yìn rẹ, kí ìwọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà.