Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Tíì Rojọ́

Ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ olórí àáró ní abúlé kan. Ìwọ náà mọ bí àáró ṣe rí, Oyèkànmí: oko ẹnìkan lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí wọ́n bá ro oko tirẹ̀ tán tí kò yọjú sí ti ẹnìkejì, ìtìjú ni yóò máa fi ṣe aṣọ.

Ọdẹ kan wà nínú ẹgbẹ́ náà. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń jókòó já eégbọn lára àwọn ajá rẹ̀, ó sì máa ń fi èékánná pa á. Wọ́n bá a kọ ebè tirẹ̀ tán. Nígbà tí ó kan oko opó kan tí ó gba ipò ọkọ rẹ̀ nínú àáró, ọdẹ ní ibà ń ṣe òun, orí ń fọ́ òun, oríkèé ń ro òun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àìsàn tí ó mọ ọjọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn, àìsàn ọlọ́gbọ́n ni.

Olórí àáró kò fẹ́ ṣègbè, mo sì gbóríyìn fún un. Ó gbé ọdẹ náà sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn. Dókítà rí egbò dúdú kékeré kan ní itan rẹ̀, ó bi í bóyá eégbọn jẹ ẹ́. Ọdẹ ní eégbọn kì í wọ́n lára òun. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi wá ibà eégbọn.

Dókítà ní, “A ò rí nǹkan kan, àmọ́...”

Olórí àáró ti dìde. Ó ti gbọ́ èyí tí ó wá gbọ́. Ọdẹ tẹ̀ lé e láìgba oògùn, nítorí ọ̀kadà kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá.

Ó sọ fún ẹgbẹ́ pé, “A ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Nǹkan kan ò ṣe é. Ọ̀lẹ ni.”

Ìtìjú gbé ọkọ́ lé ọdẹ lọ́wọ́. Ó kọ ebè lóko opó náà títí ó fi ṣubú. Nígbà tí wọn yóò fi gbé e padà dé ilé ìwòsàn, kò dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀ mọ́. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Ibà eégbọn ni.

Olórí àáró bínú. Ó ní, “Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kò sí?”

Dókítà dá a lóhùn pé, “A ò ní kò sí, bàbá. A ní a ò rí i. Àyẹ̀wò yẹn kì í wá kòkòrò náà fúnra ẹ̀. Ohun tí ara fi ń bá a jà ló ń wá, ara kì í sì í tètè kó ogun ẹ̀ jọ. Mo fẹ́ ní kó máa lo oògùn lọ, kẹ́ ẹ sì padà wá ká tún un yẹ̀ wò. Ẹ ti jáde.”

Ọdẹ náà kò kú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ di. Ọdẹ tí kò gbọ́ ìró ewé, kí ni yóò pa? Ó ta àwọn ajá rẹ̀. Olórí àáró bẹ̀ ẹ́, ó sì dárí jì í, ṣùgbọ́n etí kò torí ìyẹn là.

Oyèkànmí, ìwọ ni olórí ẹbí yín. Wọ́n fi tó ọ létí pé àbúrò rẹ ń lu ìyàwó rẹ̀. O pe obìnrin náà sáàárín ẹbí, ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, o bi í léèrè, ó ní kò sí nǹkan kan. O wá ń sọ káàkiri pé o ti wádìí, pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ àbúrò rẹ. Ìwọ kò tíì wádìí ohunkóhun. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mú ìyàwó rẹ dání, ẹ lọ bá a níbi tí ọkọ rẹ̀ kò sí, kí ẹ sì jókòó pẹ́. Bí ó bá tún ní kò sí, ẹ tún padà lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Mo kí obìnrin náà lọ́nà odò lánàá, ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ó tó dá mi lóhùn.