Ẹkún Ìyàwó Tó Sọnù Nínú Kọ̀ǹpútà

"A kì í gbá ilẹ̀ tí abẹ́rẹ́ sọnù sí." Gbogbo wa la ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ọ̀pọ̀ yóò ní ọ̀dọ̀ aránṣọ ni. Irọ́ ni. Inú kọ̀ǹpútà ló ti jáde, ní Ìsẹ́yìn, lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó Àmọ̀pé.

Ìyá tó bí bàbá Àmọ̀pé ló mọ ẹkún ìyàwó ilé wọn. Kí ìyá náà tó kú, Àmọ̀pé gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tán. Láti ibẹ̀ ló ti ń kọ́ ọ, kí ó lè sun ún lọ́jọ́ tí yóò fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta, ó ń pa ohun tí kò wúlò rẹ́ kí àyè lè wà fún àwòrán, ló bá pa ohùn ìyá àgbà rẹ́ mọ́ ọn.

Igbe tó ké ló mú Sífáwù, àbúrò ìyá rẹ̀, sáré wọlé. Obìnrin yìí kì í jẹ́ kí ilé ìyàwó dákẹ́.

"Nu ojú rẹ, jàre. Mo ní orin lọ́wọ́ tó lè gbé ìyàwó mẹ́wàá relé ọkọ."

Ló bá ń da orin sínú kọ̀ǹpútà náà, ọ̀kan lé òmíràn. Àánú ló ń ṣe, ṣùgbọ́n àánú náà ń ba nǹkan jẹ́.

Múníràtù ni aládùúgbò wọn. Ogún ọdún ló fi bá àwọn ọlọ́pàá wá ẹ̀rí tí àwọn gbájúẹ̀ ti pa rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó wọlé, ó sì fa wáyà iná yọ.

"Ta ló ń da orin sí i?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń tù ú nínú ni."

"Abẹ́rẹ́ sọnù, ìwọ mú ìgbálẹ̀! Orúkọ ohùn yẹn nìkan ló kúrò nínú ìwé tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí nǹkan wà. Ohùn fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Orin rẹ ló máa gba ibùsùn rẹ̀."

"Háà! Orin tèmi kì í pààyàn o."

"Ó ti fẹ́ pa ìyá àgbà lẹ́ẹ̀kejì."

Àmọ̀pé bú sẹ́rìn-ín, omi ṣì wà lójú rẹ̀.

Múníràtù yọ ọpọ́n tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú nǹkan sí. Ó ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ láìkọ ohunkóhun sí i, ó sì ń wá inú ẹ̀dà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyá àgbà wúkọ́ nínú ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Gbogbo ilé hó yèè. Ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ kò sí mọ́: orin Sífáwù ti jókòó lé e.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Àmọ̀pé sun ẹkún náà títí dé ibi tó gé. Ó wo ojú àbúrò ìyá rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ parí i:

"Ìyá mi Sífáwù, ẹ forin borí ẹkún mi,
Ẹ yáa forin sìn mí dé ilé ọkọ!"

Ẹ̀rín sọ. Sífáwù kò dákẹ́ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tí nǹkan bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń kánjú fi òmíràn dípò rẹ̀ kó tó wo ohun tó ṣẹ́ kù, wọn á dá a dúró, wọn á ní: a kì í gbá ilẹ̀ tí abẹ́rẹ́ sọnù sí.